Falmata ni àbí Fatima: Ọjọ́ Méje ní Maiduguri àti Bama

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹwàá 2024

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo jáde n'Íbàdàn. Ìyá mi ti gbàdúrà lórí fóònù tán kí ọkọ̀ tó dé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lọ sí Maiduguri, àdúrà náà kò tíì kúrú lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi obìnrin ní tiẹ̀ ní kí n ra kílíṣí bọ̀, ó sì padà sórí ibùsùn.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mi: èmi ni mò ń ṣe kòkáárí ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, lábẹ́ àjọ aṣèrànwọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ má rò pé nǹkan bàbàrà ni kòkáárí yìí. Ìpàdé pọ̀ níbẹ̀, ìpè orí fóònù pọ̀ níbẹ̀, ìyókù ni kí n máa bẹ ẹni tó ní tapólì pé kó má kó o lọ síbi tí tapólì ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bàálù pẹ́ ní Èkó, ó tún pẹ́ ní Àbújá. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó balẹ̀.

Dóńgóyárò lojú máa ń kọ́kọ́ rí ní Maiduguri. Ó tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì, abẹ́ rẹ̀ ni fọganáísà ń jókòó, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn bàbá onítẹ̀súbáà ń gba atẹ́gùn. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà ló kún ojú títì, torí láti 2011 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà, nígbà tí àwọn oníbọn ń gùn ún pa ènìyàn. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀ dáadáa. Èyí tí n kò mọ̀ rí ni ìlà kan tó wà lára ògiri, ó pọ́n rúsúrúsú bí ìpẹ̀tà irin. Níbòmíì ó tó mi ní ìbàdí, níbòmíì ó ga ju orí mi lọ. Ibi tí omi dé nìyẹn. Ìdájí ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ni dáàmù Alau ya, odò Ngadda sì wọ ìlú. Ó wọ Gwange, ó wọ Monday Market, ó wọ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, ó gba inú ọgbà ẹranko kọjá. Ó lé ní 400,000 ènìyàn tó lé kúrò nílé.

Dírẹ́bà wa, ọmọ Kànúrí, fi ọwọ́ hàn mí: "Àǹtí, ẹ wo ilé yẹn. Àwọn tó sá fún Boko Haram láti Bama ló ń gbé ibẹ̀. Omi tún lé wọn."

Ogúnléndé là ń pe irú wọn lédè tiwa, ìyẹn ni pé ogun ló lé mi dé. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju IDP, lẹ́tà mẹ́ta èèbó tí à ń kọ sínú ìwé iṣẹ́, torí ẹni tó ń sọ ọ́ ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, ó sì ti dé ibì kan. Kí la ó wá pe ẹni tí omi lé, omiléndé? Mo fi rẹ́rìn-ín, mo túmọ̀ rẹ̀ fún dírẹ́bà. Kò pa á lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Kẹwàá

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan tí kò jìnnà sódò la lọ. Nígbà tí omi dé, ẹnìkan kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ilé-ìwé ni gbogbo ayé sá wọ̀. Ó di àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n kíláàsì ò tíì ṣeé jókòó sí.

Kò sí tábìlì kan tó ṣẹ́ kù nínú kíláàsì mẹ́rin. Wọ́n ti fi dáná. Eérú wà ní kọ̀rọ̀, ìṣó tó jábọ́ lára àga ṣì wà nínú eérú. Ọ̀gá wa kan tó bá mi dé láti Àbújá ń bínú, ó ń ka iye tábìlì tó jóná. Èmi ò bínú. Bí ebi bá ń pa ọmọ mi lójú mi, tí igi gbígbẹ sì wà níwájú mi, ṣé màá máa wo pátákó tí wọ́n kọ orúkọ olówó ìrànwọ́ sí lára? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ṣáláńgá. Ó ti kún, ó ti ṣàn dé ẹ̀bá kànga, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 4 oṣù yìí ni ìjọba Borno kéde pé onígbáméjì ti wọ ìlú. Mo ní kí wọ́n má ṣí ilé-ìwé náà títí wọn ó fi kó o, kí wọ́n sì da oògùn sí kànga. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àwọn olómi ni. Mo pe àwọn olómi. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ti rí ohun tí n kò ní tètè gbàgbé. Hẹdimásítà, bàbá kan tó wọ fìlà zanna, jókòó sórí bẹ́ńṣì kékeré, ó yọ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rẹ́jísítà ilé-ìwé ló ń sá sóòrùn. Ó ti tú u ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí ẹní, ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ igun wọn kí atẹ́gùn má bàa gbé e. Yíǹkì ti ṣàn lára àwọn míì, orúkọ ti di àwọ̀ aró. Bó bá rí èyí tó ṣì ṣeé kà, yóò tẹ̀ síwájú, yóò fi bírò tuntun kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn. Èyí tí kò ṣeé kà, yóò pe ọmọ tó bá ń kọjá, yóò bi í léèrè pé ta ló jókòó tẹ̀ lé lágbájá ní praimárì 4.

Mo béèrè pé kí ló dé tí kò fi bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi yé.

"Hajiya, ọmọ tó ti ń lọ sí praimárì 6, bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbì kankan, níbo ló ti ń bọ̀?"

(N kò tíì dé Mẹ́kà. Hajiya ni wọ́n ń pe gbogbo obìnrin tó bá ti sanra díẹ̀ níbí. Mo ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Mo bá a tẹ òkúta fún bí wákàtí kan. Ìyẹn kò sí nínú ìwé ètò iṣẹ́ mi.

Ọjọ́rú, 16 oṣù Kẹwàá

Ìpàdé. Lóṣooṣù ni gbogbo àjọ tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ máa ń pàdé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣe alága, UNICEF àti Save the Children sì ń bá wọn darí rẹ̀. Wọ́n gbé tábìlì ńlá kan sójú ògiri: ta ló ń ṣe kí ni, níbo, fún èèyàn mélòó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́ gan-an, tábìlì yẹn ni kí ẹ wò, ẹ má wo fọ́tò ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo wo ìlà àgọ́ Bama. Àjọ mẹ́ta ló fẹ́ pín báàgì ilé-ìwé níbẹ̀ lóṣù kan náà. Ẹni tó fẹ́ san owó ọwọ́ fún olùkọ́: òfìfo. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta oníbáàgì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, àwa ni.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Báàgì ṣeé kà, ó ṣeé yà ní fọ́tò, ó ní ibi tí ènìyàn lè tẹ àmì sí. Owó tí wọ́n fi fún olùkọ́ ní ìparí oṣù, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Olówó ìrànwọ́ a ní "ìjọba ló yẹ kó san án", òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ìjọba gbà níbí kò pọ̀ tó, àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ sì ti lọ lọ́nà tí kì í ṣe ìfẹ̀yìntì. Ní 2018, UNICEF sọ pé olùkọ́ tí wọ́n pa ní àríwá ìlà-oòrùn láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ kò dín ní 2,295, ilé-ìwé tó bàjẹ́ sì lé ní 1,400. Ẹ fojú inú wo gbogbo olùkọ́ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ wá ìdílé tí kò ní nínú wọn. Àwọn tó dúró sí ipò wọn nínú àgọ́ jẹ́ ogúnléndé fúnra wọn: ẹni tó ka girama dé kíláàsì tó kẹ́yìn, ẹni tó ń ṣe NCE lọ́wọ́ kí ogun tó dé. A ń pè wọ́n ní olùkọ́ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Bí owó ọwọ́ yẹn bá dúró, wọn a lọ síbi tí wọ́n ti ń gé igi ìdáná tà, báàgì a sì máa gbé ìwé lọ síbi tí kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọmọ.

Mo sọ èyí. Àwọn kan mi orí, àwọn kan wo fóònù. Lẹ́yìn ìpàdé ni ọ̀rọ̀ gidi ṣẹlẹ̀, ní ìdí tíì, bó ṣe máa ń rí. Arábìnrin kan láti ọ̀kan nínú àjọ méjì tó kù, ọmọ Ìgbò, ní: "Sister mi, ẹ fi Bama sílẹ̀ fún wa, ẹ kó tiyín lọ sí ibi tí omi ti jà." Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Báàgì 600 tí a kó pamọ́ yóò lọ sọ́dọ̀ bàbá onírẹ́jísítà àti ilé-ìwé méjì tó wà nítòsí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé kò ní sọ pé ìdí tíì ni.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún dìde. Àwọn kan ní Hausa tó, torí gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ná ọjà o. Kànúrí ló gbọ́, tàbí Lárúbáwá Shuwa, tàbí Màndárà. Ìjọba àpapọ̀ sì ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ jálẹ̀ praimárì (wọ́n fagi lé ìlànà náà ní 2025). Mo mú ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ wọ̀ ọ́, èmi kì í lè mú un mọ́ra: láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ n'Ílé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ yẹn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Ẹ̀yin Yorùbá àti Fafunwa yín." Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹwàá

Hẹlikópítà lọ sí Bama. Ọ̀nà tó já síbẹ̀ kò pé ọgọ́rin kìlómítà, ṣùgbọ́n àjọ wa kò jẹ́ ká gbà á. Wọ́n wọn báàgì mi, wọ́n wọn èmi náà, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò sì ní ojútì, ó pe nọ́ńbà náà sókè.

Láti òkè, ohun tí ojú ń rí ni ilẹ̀ gbẹrẹfu, lẹ́yìn náà yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí Bama ká. Yàrà gan-an ni, irú èyí tí a gbẹ́ yí ìlú wa ká láyé ogun Kírìjì àti ṣáájú rẹ̀. Inú yàrà ni ààbò wà, ìta rẹ̀ ni oko wà. Gbogbo ìṣòro oúnjẹ Bama kò ju ìyẹn lọ. Oṣù Kẹsàn-án 2014 ni Boko Haram gba ìlú náà, oṣù Kẹta 2015 ni àwọn ṣọ́jà gbà á padà, ilé tó dúró kò sì tó nǹkan.

Àgọ́ náà wà nínú ọgbà ilé-ìwé girama sáyẹ́ǹsì ìjọba. Ilé-ìwé tó di àgọ́, tí a wá gbé ilé-ìwé onítapólì kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, Màlámù kan tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣe ilé-ìwé náà kí ogun tó dé. Ó mú mi lọ síbi kan tí wọ́n sá aṣọ sí, ó ní: "Ibí ni láàbù físíìsì." Ìyá kan ń fọ ìkòkò níbẹ̀.

Kíláàsì praimárì 2: àwọn ọmọ 94 lábẹ́ tapólì kan. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì torí wọn ò jókòó jẹ́ẹ́. Ìlànà wa ní 40 ni kó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan, bí a bá ti rí i gbà bẹ́ẹ̀ náà la pín àpótí ohun èlò UNICEF, olùkọ́ kan, ọmọ 40. Ìdajì ń wá láàárọ̀, ìdajì lọ́sàn-án, 94 yìí ni ìdajì. Ooru tapólì yẹn, ẹni tó bá ti wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n tì sílẹ̀ nínú oòrùn mọ̀ ọ́n. Màlámà tó ń kọ́ wọn kò gbójú sókè nígbà tí a wọlé. Ó kọ́kọ́ parí ohun tó ń ṣe: ó mú òkúta kan sókè, gbogbo wọn ké "tilo!", ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 1 sára pátákó. Ṣọ́ọ̀kì náà kò ju èékánná mi lọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ àpò náà kí ó lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn kíláàsì ló wá bá mi. Ó jẹ́ obìnrin bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó fi ìbòrí aláwọ̀ ewé bora dé orúnkún.

"Àǹtí, oṣù Keje ni ẹ wá kẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màlámà."

"Ẹ ní owó wa yóò wọlé kí oṣù náà tó parí."

Mo sọ ọ́. Mo rántí ibi tí mo dúró sí nígbà tí mo sọ ọ́. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé, ó nawọ́ ìwé kékeré kan sí mi. Mo rò pé rẹ́jísítà ni. Ìwé gbèsè ni: ọṣẹ, iyọ̀, màgí, kúlíkúlí, ọṣẹ, àgbàdo kóńgò kan, páracétamol. Ọkùnrin onísọ́ọ̀bù nínú àgọ́ ló ń tà á láwìn. Màlámà ní òun sọ fún un pé àwọn NGO yóò san, Àǹtí kan láti ìlú Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ló ṣe ń tà.

Láti oṣù Keje, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi ń ra iyọ̀. Mo dá ìwé náà padà fún un. N kò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Ohun tó fa ìdádúró? Mo ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lónìí ni mo rí i gbangba. Ọ́fíìsì owó wa ní orúkọ inú ìwé kò bá orúkọ báńkì mu. Nínú ìwé tiwa: Falmata. Lára káàdì báńkì: Fatima. Nínú ìwé tiwa: Modu. Lára káàdì: Muhammad. Wọ́n dá owó náà padà, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ pé kí a "ṣe àyẹ̀wò", ìwé náà sì jókòó sínú àpótí lẹ́tà ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó kọ̀. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì yẹn kò mọ̀ pé Falmata ni Fatima lẹ́nu Kànúrí. Èmi ló yẹ kó mọ̀. Lámídì ni bàbá mi títí ó fi kú, àfi ìgbà tó dé ìdí owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n sọ fún un pé Abdul-Hamid ni àwọn ń wá, odidi ọdún méjì ló sì fi ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ta ni kò ní Mọ́mọ̀dù nílé tí ìwé ń pè ní Muhammad?

A sùn ní ibùdó tí wọ́n ṣe fáwọn òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́. Fẹ́ẹ̀nì wà, jẹnẹrétọ̀ wà. Mo ronú nípa ọkùnrin onísọ́ọ̀bù náà ju bó ti yẹ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Kẹwàá

Láti aago méje ni mo ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Olùkọ́ 22, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú káàdì báńkì tàbí ìwé NIN rẹ̀ wá. Màlámù tó gùn ń ka ti báńkì, èmi ń ka tiwa, à ń fi bírò pupa sí ibi tí wọn kò ti bára mu. Mẹ́rìnlá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló mú ẹlòmíì: Bukar pẹ̀lú k, Bucar pẹ̀lú c. Ẹnì kan ní káàdì náà kì í ṣe tòun, ti ẹ̀gbọ́n òun ni, torí káàdì tòun jóná ní Bama lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú. A kọ tiẹ̀ sójú ewé ọ̀tọ̀.

Bọ̀dá kan tó wà lọ́fíìsì Àbújá, tí n kò bá ṣọ̀rẹ́ rí, gbé ìpè mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo pè é. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí ọjọ́ Ajé tó dé." Ó ní kí n ya àwòrán gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì Bama gbà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń mú ìṣẹ́jú mẹ́fà, mẹ́jọ.

Kí àwọn ọkùnrin tó lọ sí Jímọ̀, Bùlámà, ìyẹn olórí àdúgbò, kó àwọn ìyá jọ. Mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọbìnrin fi ń dín kù láti praimárì 4 lọ. Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ ìgbéyàwó, mo sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá kan dìde, ó ní ṣáláńgá ilé-ìwé kò ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ni. Òmíràn ní òun kò gbàgbé Chibok. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí oṣù Kẹrin 2014 tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 nínú ilé-ìwé, ìyá yìí kò sì ti Chibok wá, kò débẹ̀ rí. Ó ní, "Ọmọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mọ ibi tó wà." N kò dá a lóhùn pẹ̀lú ìlànà kankan. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí Ìkéde Ilé-ìwé Aláàbò láti 2015, èmi náà ti kọ́ ènìyàn nípa rẹ̀ nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Mo kọ ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo kọ kọ́kọ́rọ́ láti inú, mo bi í bóyá ó máa lè yan ìyá méjì tí yóò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà láàárọ̀. Ó ní òun yóò jẹ́ ọ̀kan.

Wọ́n fagi lé hẹlikópítà ọ̀sán. Wọn kò sọ ìdí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Kẹwàá

Ohùn ló jí mi, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Àwọn ọmọ kéwú lẹ́yìn ọgbà ń ka tiwọn sókè, iná kékeré kan ń jó láàárín wọn. Mo lọ bá wọn dúró. Wàláà ló wà lọ́wọ́ wọn, pátákó igi gan-an, irú èyí tí mo fi kọ́ alífù ní ilé kéwú wa ní Òru-Ìjẹ̀bú, ọwọ́ ìmú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ọmọkùnrin kan fi omi fọ tiẹ̀, ó mu omi yíǹkì náà. Èmi náà ti mu ún rí, ó korò díẹ̀.

Òru-Ìjẹ̀bú yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí ọmọ tí ogun lé. Láyé 1990 sókè, àgọ́ àwọn ará Làìbéríà àti Sàró wà nílùú wa, ọmọ Làìbéríà kan sì jókòó tì mí ní praimárì fún sáà kan. Kò gbọ́ Yorùbá, a kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Tíṣà máa ń pe orúkọ rẹ̀ lódì lárààárọ̀, ó sì máa ń dáhùn.

Mo bi áfáà àwọn ọmọ náà bóyá ó lè yọ̀ǹda kí wọ́n wá sábẹ́ tapólì wa fún wákàtí méjì lọ́sàn-án, ìṣirò àti ìwé kíkà nìkan. A ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún tó kọjá. Ó ní bí olùkọ́ kò bá ní máa fi wọ́n sílẹ̀ láàárín sáà, òun gbà.

Aago mẹ́wàá la gbéra. Ní Maiduguri mo lọ tààrà sí Wulari, lọ́dọ̀ ìyá alámàlà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wà níbí kí wọ́n tó bí mi. Omi gbé ìkòkò rẹ̀ méjì lọ.

"Ẹ kú ewu omi, Mà."

"Ewu wo ló tún kù, ọmọ mi? Mo rí ti 1994, mo rí èyí. Jókòó. Gbẹ̀gìrì wà."

Mo jẹ kókó mẹ́ta. Ó fi ẹran kan lé e, ó ní ti ìyá mi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹwàá

Àbújá. Wákàtí mẹ́ta ni mo ní láti fi dúró de bàálù Èkó. Bọ̀dá ọ́fíìsì owó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, lọ́jọ́ Àìkú: orúkọ 17 ti kọjá, owó yóò wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Márùn-ún ṣì kù, wọ́n nílò lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ mi tó jẹ́rìí pé ẹni kan náà ni wọ́n. Mo wá Màlámà nínú àwọn 17. Kò sí níbẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná tó wà lára ògiri, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Tiẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ. Falmata ni, Fatima ni, mo mọ̀ ọ́n, mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí ó ń dún bí ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ sí ọ̀gá wa nípa ètò ọdún tó ń bọ̀, pé kí wọ́n yọ ìlà báàgì kúrò, kí wọ́n fi owó olùkọ́ oṣù mẹ́sàn-án sí i àti ilẹ̀kùn ṣáláńgá mẹ́fà. Mo mọ èsì tó máa fún mi. Mo fi ránṣẹ́ bákan náà.

Lẹ́tà kejì ni mo wà tí wọ́n fi pe bàálù. Kílíṣí wà nínú báàgì mi, ata rẹ̀ sì ti mú kí ọmọ tó jókòó tì mí sín lẹ́ẹ̀mejì.